Ẹlẹ́dẹ̀ bí mẹ́wàá, mẹ́rin ló kù: ibi tí èrè olọ́sìn ń gbà sá lọ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló gbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ta ẹran ni èrè ń wọlé. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iye ọmọ tí ìyá ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá tọ́ títí tí wọ́n fi já wọn lẹ́nu ọmú ló ń sọ bóyá olọ́sìn yóò jèrè tàbí yóò jẹ gbèsè. Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ tó bí ọmọ 10 tí 4 péré yè, oúnjẹ tó jẹ nígbà tó lóyún kò dín sí ti èyí tí ọmọ 9 yè fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ 114 ni oyún ẹlẹ́dẹ̀, ìyẹn oṣù 3, ọ̀sẹ̀ 3 àti ọjọ́ 3. Bí ẹ bá já àwọn ọmọ lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 6, tí ìyá wọn sì tún gba akọ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, yóò bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọjọ́ yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí abo bá ń wá akọ tí ẹ kò sì fura, ó di nǹkan bí ọjọ́ 21 kó tó tún wá a. Bó bá ń jẹ kílò 2 àbọ̀ lójúmọ́, oúnjẹ tó lé ní kílò 50 ló ti jẹ lásán yẹn, ìyẹn àpò oníkílò 25 méjì. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra àpò kan ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí ohun tí à ń sọ.

Ìgbà tó yẹ kó gba akọ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ gun abo tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù 8. Bí abo bá ń wá akọ, ojú ara rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì wú, kò ní fara balẹ̀, yóò sì máa gun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀: bó bá dúró gbagidi tí kò kúrò, àsìkò ti tó. Ẹ mú abo lọ bá akọ nínú ilé tirẹ̀, kí wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀mejì, bíi ìrọ̀lẹ́ òní àti àárọ̀ ọ̀la. Bó bá di ọjọ́ 21, ẹ tún wò ó. Bí kò bá wá akọ mọ́, ó ṣeé ṣe kó ti lóyún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí akọ gun ọmọ tirẹ̀, torí ọmọ wọn máa ń kéré, wọn kì í sì í lágbára.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó bímọ

Ẹ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀ nípa oògùn aràn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìbí. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi ọṣẹ wẹ ìyá náà, kí ẹ sì kó o lọ sí yàrá ìbímọ tí ẹ ti fọ̀, tó sì ti gbẹ. Ẹ na igi tàbí páìpù yí ògiri ká, kó fi nǹkan bíi ìka márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ti rúlà oníṣẹ́ẹ̀ntímítà ga sílẹ̀, kó sì jìnnà sí ògiri bákan náà. Bí ìyá bá fẹ́ dùbúlẹ̀, abẹ́ igi yìí ni àwọn ọmọ máa sá sí. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ jù lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ikú máa ń pọ̀ jù. Ẹ wà nítòsí nígbà tó bá ń bímọ. Ẹ nu imú àti ẹnu ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi oògùn iodine sí ìwọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá ń rọbí fún wákàtí kan tí ọmọ kò jáde, ẹ pe dókítà ẹran.

Kí gbogbo wọn mu wàrà àkọ́kọ́ láàrin wákàtí mélòó kan tí wọ́n dáyé, torí inú rẹ̀ ni ààbò lọ́wọ́ àìsàn wà. Ẹ gbé àwọn tó kéré sí ọmú iwájú, ibẹ̀ ni wàrà máa ń pọ̀ sí. Bí ìyá kan bá bí ju iye ọmú rẹ̀ lọ, tí òmíràn sì bí díẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ lè pín ọmọ fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mu wàrà ìyá wọn.

Òtútù kò jẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lágbára láti sá fún ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru ń da ìyá láàmú, torí ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bí èèyàn. Nítorí náà, ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ, kí ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí èérún pákó látọ̀dọ̀ káfíńtà síbẹ̀, kí ẹ sì fi gílóòbù sí i bí iná bá wà.

Ní ọjọ́ kẹta, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ iron. Èròjà irin inú wàrà ìyá wọn kò tó, ọmọ tó sì ń gbé lórí sìmẹ́ǹtì kò rí iyẹ̀pẹ̀ tó lè ti rí i. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ̀jẹ̀ wọn yóò gbẹ, wọn yóò sì funfun.

Oúnjẹ ìyá ọlọ́mọ

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ jẹ bí aláboyún. Ẹ ṣírò kílò 2 fún òun fúnra rẹ̀ àti nǹkan bí ìdajì kílò fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un lẹ́yìn ìbí. Omi kò gbọ́dọ̀ tán níwájú rẹ̀, torí láìsí omi, kò lè sí wàrà. Látọjọ́ 10, ẹ máa gbé oúnjẹ díẹ̀ sí igun àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa já wọn lẹ́nu ọmú, ìyá ni kí ẹ kó kúrò, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti mọ́ wọn lára. Láàrin ọjọ́ 4 sí 7, ìyá lè tún máa wá akọ.

Ẹ má ṣe yá akọ

Ìfura loògùn àgbà. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tí òyìnbó ń pè ní African swine fever, jà ní Nàìjíríà ní 1997, ó sì tún pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn ní 2020. Kì í ran èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí oògùn tó ń wò ó. Akọ tí ẹ yá lọ́wọ́ aládùúgbò, bàtà alápatà tó wá ra ẹran àti àjẹkù oúnjẹ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ lè gbé e wọlé. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà wọ inú ọgbà, ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ ti ná ọjà.

Paríparí rẹ̀, ẹ ra ìwé kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí abo gba akọ, ọjọ́ tó bí, iye tó bí àti iye tó yè. Lẹ́yìn ìbí méjì sí mẹ́ta, ìwé yẹn ló máa fi han yín èyí tó yẹ kẹ́ ẹ tọ́jú àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ tà.