Olùkọ́ Tí Ó Rí Ohun Tí Ojú Ọ̀gá Kò Tó

Bí a bá ń dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀ràn tí ó tú àṣírí iná mànàmáná fún aráyé, Michael Faraday ti ìlú London ni a máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lẹ́yìn rẹ̀, a ó dárúkọ Lord Kelvin ti Glasgow. Orúkọ John Kerr kì í sábà sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ni ó rí ohun tí Faraday wá títí tí kò rí, kì í sì í ṣe ilé ìwádìí ńlá ni ó ti rí i. Olùkọ́ ìṣirò ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tísà wa, ọ̀rọ̀ ilé yín ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, ẹ má ṣí ojú ewé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Ta ni ó sì mọ ìwọ̀n jù yín lọ?

ỌMỌ ẸLẸ́JA

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1824 ni wọ́n bí John Kerr ní Ardrossan, ìlú etí òkun kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Scotland. Ẹja ni bàbá rẹ̀ ń tà. Ní 1841 ó wọ Yunifásítì Glasgow, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n William Thomson ṣe ìwádìí níbẹ̀. Thomson yìí ni ó wá di Lord Kelvin. Yàrá abẹ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní ihò èédú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Kerr kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìwàásù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò ṣe iṣẹ́ àlùfáà. Ní 1857 ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ìjọ Free Church ní ní Glasgow. Ọdún 44 ni ó lò níbẹ̀. Bí ó bá ti kọ́ni tán, àkókò tí ó bá ṣẹ́kù ni ó fi ń ṣe ìwádìí nínú yàrá kékeré kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà.

IBI TÍ FARADAY BÁ A DÉ

Faraday gbàgbọ́ pé mọ̀lẹ́bí ni iná mànàmáná àti ìmọ́lẹ̀, bí ojú tilẹ̀ rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1845 ó rán ìmọ́lẹ̀ gba inú dígí wíwúwo kan tí ó wà lẹ́nu mágínẹ́ẹ̀tì ńlá, ó sì rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì náà yí ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀. Ìròyìn ńlá ni èyí jẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n agbára mànàmáná fúnra rẹ̀ ńkọ́, láìsí mágínẹ́ẹ̀tì? Faraday ti dán an wò ní 1834, ó tún dán an wò ní 1845. Kò rí nǹkan kan.

Ẹlòmíràn ìbá sọ pé, bí Faraday kò bá rí i, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀ nìyẹn. Kerr kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá nǹkan tí a kò rí i, ohun méjì ni ó lè fà á: nǹkan náà lè má sí rárá, ó sì lè jẹ́ pé ó kéré ju ohun tí a fi ń wá a lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

ỌGBÀ MÉJÌ ÀTI ABẸ̀BẸ̀ KAN

Kí ohun tí Kerr ṣe tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ a máa gbọ̀n bí ó ti ń lọ, ìmọ́lẹ̀ fìtílà a sì máa gbọ̀n sí òkè, sí ẹ̀gbẹ́, sí gbogbo ìhà. Òkúta dídán kan wà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Iceland nígbà náà. Ní 1828, William Nicol ti Edinburgh gé òkúta yìí, ó tún un lẹ̀ pọ̀ lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí ń gbọ̀n sí ìhà kan ṣoṣo ni ó lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ fi wé ọgbà tí a fi ọ̀pá òòró ṣe. Bí ẹ bá na abẹ̀bẹ̀ sí i ní òòró, yóò kọjá láàárín ọ̀pá méjì. Bí ẹ bá nà án ní ìbú, kò ní kọjá. Bí a bá wá fi ọgbà kejì sí ẹ̀yìn ọgbà kìíní, tí ọ̀pá ti èkejì wà ní ìbú, abẹ̀bẹ̀ tí ó kọjá nínú ti àkọ́kọ́ yóò há sí ti èkejì. Bákan náà ni òkúta Nicol méjì tí a gbé kọ ara wọn: ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wo iná fìtílà, òkùnkùn ni yóò rí.

Òkùnkùn yìí ni ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà. Nínú ìmọ́lẹ̀ gidi, ìyípadà kékeré kì í hàn sí ojú. Ṣùgbọ́n nínú òkùnkùn biribiri, ìmọ́lẹ̀ bín-ń-tín yóò hàn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ 1875

Kerr mú dígí tí ó nípọn, ó lu ihò sí i láti ìhà méjì, ó sì ti waya bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan. Orí waya méjèèjì kọjú sí ara wọn nínú dígí, wọn kò sì kan ara wọn. Ó gbé dígí náà sí àárín òkúta Nicol méjèèjì, ó sì ṣe é kí ìlà láti waya sí waya dagẹ̀rẹ̀ láàárín òòró àti ìbú. Òkùnkùn wà. Ó wá fi ẹ̀rọ tí ń sọ agbára iná kékeré di ńlá rán mànàmáná sí waya wọ̀nyí.

Ìmọ́lẹ̀ yọ nínú òkùnkùn náà.

Ṣùgbọ́n Kerr kò pariwo. Ìmọ́lẹ̀ náà kò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i, nígbà tí ó sì pa iná, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń lọ. Èyí mú iyèméjì wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ti mọ̀ pé dígí tí a bá fà, tàbí tí a bá tẹ̀, tàbí tí ooru bá mú ní apá kan, lè yí ìmọ́lẹ̀ padà báyìí. Ó ha lè jẹ́ pé mànàmáná kàn ń mú dígí gbóná ni, tàbí pé ó ń fún un mọ́ra?

Kí ó lè já èyí, Kerr fi dígí sílẹ̀, ó yíjú sí ohun olómi. A kò lè tẹ ohun olómi sí apá kan kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó lo carbon disulphide, ó sì tún lo irú àwọn nǹkan bí òróró ólífì. Nínú carbon disulphide, bí ó ti tan iná ni ìmọ́lẹ̀ yọ, bí ó sì ti pa iná ni òkùnkùn padà. Kò sí ìdádúró. Nígbà náà ni ó dá a lójú pé agbára mànàmáná gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1875 náà ni ó kọ ọ́ jáde nínú ìwé Philosophical Magazine. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ti dán an wò, ṣùgbọ́n ní 1880, Röntgen ará Jámánì, ẹni tí ó wá ṣe àwárí X-ray ní 1895, kọ̀wé jáde nípa àwárí Kerr yìí, ó sì ti fi ohun olómi dán an wò pẹ̀lú.

BÍ WỌ́N TI Ń WỌ̀N Ọ́N

Rírí ni ìdajì iṣẹ́. Wíwọ̀n ni ìdajì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òṣùwọ̀n alápá méjì ta ọjà, ẹ mọ̀ pé ẹ kì í fi ojú díwọ̀n ọjà náà. Ẹ ó gbé e sí apá kan, ẹ ó sì máa gbé òkúta ìwọ̀n sí apá kejì títí yóò fi dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Kerr ṣe. Ó mú dígí pẹlẹbẹ kan, ó gbé e sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, ó sì ń fà á tàbí ó ń tẹ̀ ẹ́ títí òkùnkùn fi padà. Bí fífà bá pa ìmọ́lẹ̀ náà, ó mọ ìhà tí mànàmáná ń tì í sí. Bí ó bá sì jẹ́ títẹ̀ ni, ó mọ̀ pé òdìkejì ni. Báyìí ni ó fi mọ̀ pé carbon disulphide àti òróró ólífì kò ṣe bákan náà: ibi tí ọ̀kan kọjú sí ni èkejì kẹ̀yìn sí.

Nígbà tí ó di 1880, ó ti fi ìwọ̀n rí òfin tí ó wà nídìí rẹ̀. Bí a bá sọ agbára mànàmáná di ìlọ́po 2, ohun tí ó ṣe sí ìmọ́lẹ̀ yóò di ìlọ́po 4. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 3, yóò di ìlọ́po 9. Ohun kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀: ti nitrobenzene ju ti carbon disulphide lọ ní ohun tí ó lé ní ìlọ́po 50.

Ní 1893, Friedrich Pockels ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé nínú àwọn òkúta dídán kan, ìlọ́po 2 yóò mú ìlọ́po 2 wá, kò ní jẹ́ 4. Ní 1899, Abraham àti Lemoine ní ilẹ̀ Faransé wọn bí ó ti yá tó: nínú carbon disulphide, bí a bá ti mú agbára kúrò, ohun tí ó ṣe yóò pòórá kí ìdá kan nínú 100,000,000 ìṣẹ́jú-àáyá tó pé.

OHUN TÍ A RÍ JẸ NÍNÚ RẸ̀

Ohun tí ó yá tó báyìí ṣe é fi ṣe ilẹ̀kùn fún ìmọ́lẹ̀. Ní 1928, Karolus àti Mittelstaedt ní Leipzig fi irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wọn eré ìmọ́lẹ̀. Kìlómítà 299,778 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n rí. Èyí tí a mọ̀ lónìí lé díẹ̀ ní 299,792.

Lónìí, okùn dígí ni ó ń gba abẹ́ òkun gbé ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wọ Èkó. Okùn MainOne dé ní 2010. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń rán ìmọ́lẹ̀ sínú irú okùn bẹ́ẹ̀, òkúta dídán tí wọ́n ń pè ní lithium niobate ni ó ń ṣí tí ó ń tì, ní ọ̀nà tí Pockels fi hàn. Ìwé owó tí oníṣòwò fi fóònù rán sí òkè òkun lè ti gba ẹnu ilẹ̀kùn yìí kọjá.

Ẹ̀rọ ìṣirò orí káńtà náà jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn. Ọgbà méjì ni ó wà lójú rẹ̀, ohun olómi kan sì wà láàárín wọn. Ibi tí mànàmáná bá kàn nínú ohun olómi náà, ìmọ́lẹ̀ kì í kọjá níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ a dúdú, a sì di nọ́ńbà tí a ń kà.

Kerr di ọmọ ẹgbẹ́ Royal Society ní 1890. Ní 1898 wọ́n fún un ní Àmì Ẹ̀yẹ Royal Medal. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ní 1901, ó sì kú ní 1907.

Ẹ̀yin tísà, ẹ má dán ti nitrobenzene wò nínú kíláàsì: májèlé ni, agbára tí ó ń fẹ́ sì lè tó 30,000 volt, èyí tí ó lè pa ènìyàn. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò kan, kí ẹ sì yá awò ojú oòrùn kan, irú èyí tí ń pa ìtànṣán orí omi. Kí ọmọ gbé awò náà síwájú ẹ̀rọ, kí ó máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ibì kan yóò wà tí gbogbo ojú ẹ̀rọ náà yóò ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí òkùnkùn náà, kí ó béèrè ohun tí ó fà á, kí ẹ tó dárúkọ John Kerr fún un.