"Ta Ló Bí Ọmọ Ìta Yìí?": Ìdí Tí Àwọn Kan Fi Ń Fojú Tín-ín-rín Orin Hip-Hop Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

"Ẹ bá mi pa ariwo ọmọ ìta yẹn, kí n ráyè tajà! Irú ọmọ wo nìyí? Ta tilẹ̀ ni ìyá tó bí èyí?"

Ìyá kan tó ń ta àǹkárá ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó, ló pariwo bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbé gbohùngbohùn síta, tí ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ń ta pàrà-pàrà níbẹ̀ bí àgbàdo inú agbada gbígbóná. Kò sinmi, kò mí. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn lójú, ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ló wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ má bínú o, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà lẹ bí i. Ohùn àbíkẹ́yìn yín nìyẹn."

Họ́wù! Ẹnu ìyá wọhò.

Ọmọ tí ìyá fi sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìdúmàgbò ni. Ọdún kan péré ló kù kó gba fíríìdọ̀mù. Owó tí ìyá fún un pé kó fi ra máṣínnì ìránṣọ alòkù, sítúdíò ló gbé e lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìjà ti dé ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìyá ní òun kò bí ọmọ ìta. Ọmọ ní òun kì í ṣe ọmọ ìta, olórin lòun. Ìyá ní èwo ni olórin nínú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?

Ẹ̀SÙN MẸ́RIN

Kì í ṣe ìyá yìí nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá gba Ìdúmọ̀tà kọjá, tó dé Jankara, tó sì yà sí Àgárawù, ẹ̀sùn kan náà ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tí kò gba ti orin hip-hop, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ráàpù. Ẹ̀sùn náà jẹ́ mẹ́rin.

Èkíní, wọ́n ní kì í ṣe orin, ọ̀rọ̀ lásán ni. Èkejì, wọ́n ní àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ ń sín jẹ. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ọmọ ìta ló ń kọ ọ́. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rírùn ló kún inú rẹ̀: ìbú obìnrin, igbó, àti ìyìn owó yàhúù.

Ẹjọ́ ẹnìkan kì í ṣe dídá. Ó yẹ ká gbé ẹ̀sùn wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

ṢÉ Ọ̀RỌ̀ LÁSÁN NI?

Ta ló sọ fún ọmọ Yorùbá pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá kò kọrin? Ọdẹ tó ń sun ìjálá, ṣé ó ń dúró mí? Onírárà tó dúró níwájú ilé olówó, tó ń ka baba-ńlá rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ṣé gìtá ló fi ń ṣe é? Egúngún tó ń pe èṣà ńkọ́? Lórí Erékùṣù gan-an, bí Ẹ̀yọ̀ Àdàmú Òrìṣà bá jáde, tó na ọ̀pámbàtà, ẹnu ló fi ń sọ ilé tó ti wá, tó sì ń fi ìgà rẹ̀ yangàn. Àwọn àgbà tó ní ọ̀rọ̀ lásán ni ráàpù ni wọ́n tún máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti gbọ́ ti Ẹ̀yọ̀.

Ìfọ́nnu tí àwọn ọmọ ráàpù ń ṣe, pé kò sí irú àwọn, pé àwọn ju lágbájá lọ, àtijọ́ ti bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn onífújì ṣe ń fi orin ta ara wọn láṣàá kò níí sọ pé Amẹ́ríkà ló kọ́ wa.

LÁTI ILÉ KAN NÍ NEW YORK

Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ni orin náà ti wá. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ máa ń tọ́ka sí ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1973, ní ilé kan ní Sedgwick Avenue, ládùúgbò Bronx ní New York. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ló ṣe òde, tó sì ń gba owó ìwọlé, kí ó lè rówó ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DJ Kool Herc, ọmọ tí wọ́n bí ní Jamaica, ló ń yí àwo. Ó lo ẹ̀rọ àwo méjì, ó sì ń fa ibi tí ìlù nìkan ti ń dún gùn, nítorí ó ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ ni ijó ti ń gbóná jù. Lórí ìlù yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dídùn. Ní 1979, àwo "Rapper's Delight" ti ẹgbẹ́ Sugarhill Gang gbé e dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Ẹ ò rí i pé owó aṣọ iléèwé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù tí ìlú kò kà sí ló dá a sílẹ̀.

Nàìjíríà kò jẹ́ kó pẹ́. Ní 1981 ni Ron Ekundayo ti ṣe àwo ráàpù tó pè ní "The Way I Feel". Ṣùgbọ́n lóòótọ́, àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe é níbí ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ọmọ New York. Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn kejì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn tó fi í kàn wọ́n sì jàre nígbà náà. Àmọ́ nǹkan yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Junior àti Pretty fi èdè píjìn ṣe tiwọn, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín nítorí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, ẹgbẹ́ The Remedies gbé "Sakomo" jáde. Lẹ́yìn wọn ni Lord of Ajasa wá fi Yorùbá gidi da ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìkan: Weird MC, obìnrin, kọ "Ijoya", tí tọmọdé tàgbà sì fi jó lóde ìgbéyàwó.

Ẹni tó tún wá sọ ọ̀rọ̀ di ńlá ni Dagrin. Ní 2009, ó gbé àwo kan jáde tó pè ní "C.E.O". Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá ló ń jẹ́ irú oyè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Dagrin fi "ọmọ ìta" parí tirẹ̀. Ó mú orúkọ tí wọ́n fi ń bú irú rẹ̀, ó fi ṣe fìlà dé orí. Àwo náà gba ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kó pẹ́ láyé: ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣe é, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 2010. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́, ọmọ dánfó àti ọmọ iléèwé ló sunkún rẹ̀ bí ẹni sunkún ẹ̀gbọ́n. Láìpẹ́ sí i ni Ọlámidé, ọmọ Bariga, dìde, tó sì gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, "Rapsodi", jáde ní 2011.

"ỌMỌ ÌTA" KÌ Í ṢE ORÚKỌ TUNTUN

Ẹ̀sùn kẹta ló dùn mọ́ni jù, torí pé bí a bá tú u wò, gbogbo orin tí a ń fi ṣe fàájì lónìí ló ti jẹ orúkọ yẹn rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọlọ́wọ́gbowó, lórí Erékùṣù níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Túndé King ní 1910, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bàbá orin jùjú. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ń kóra jọ fi gìtá àti sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe fàájì ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń wọ kóòtù kò ka irú orin bẹ́ẹ̀ sí nǹkan iyì. Lónìí, ìnáwó ńlá wo ni jùjú kò wọ̀?

Fújì ńkọ́? Inú ààwẹ̀ ló ti wá. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ló máa ń lu wéré láti jí àwọn èèyàn sí sààrì. Síkírù Àyìndé Barrister mú un kúrò níbẹ̀, ó sọ ọ́ di fújì, ó sì ń kọ ọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2010. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ilé tó ń pe ara rẹ̀ ní ilé ọ̀mọ̀wé kì í fẹ́ gbọ́ fújì. Wọ́n ní orin gáréèjì ni, orin ọ̀mùtí.

Nínú irú ìfojúdi bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ti dìde, Wàsíù Àyìndé. Ó bá Barrister gbé irin iṣẹ́ kí ó tó dá dúró, ó sì gbé "Talazo '84" jáde ní 1984. Ta ni kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí? Ní oṣù kìíní 2020, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Lámídì Adéyẹmí Kẹta, fi í jẹ Máyẹgún Ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí wọ́n ń pè lórin gáréèjì ló jókòó láàárín àwọn ìjòyè yẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1990, adájọ́ kan ní Florida ní àwo ẹgbẹ́ 2 Live Crew ti rùn jù lójú òfin. Ní 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ da ìdájọ́ náà nù. Nígbà tó di 2018, Kendrick Lamar, olórin ráàpù, gba ẹ̀bùn Pulitzer nínú orin, ẹ̀bùn tí wọ́n ti ń fún àwọn olórin àwọn ọ̀mọ̀wé láti ọdún gbọọrọ.

Ó hàn gbangba pé ẹni tó ń kọrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fojú di, kí wọ́n tó fojú di orin náà. Ọmọ tálákà kì í kọrin kó kọ́kọ́ dùn létí olówó.

IBI TÍ ÀWỌN ÀGBÀ TI JÀRE

Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọmọ ẹni ni kí a pe egbò rẹ̀ ní ẹwà. Ẹ̀sùn kẹrin lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 2017, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìlera sọ̀rọ̀ síta pé fídíò "Wo" tí Ọlámidé ṣe tàpá sí òfin tábà ti 2015. Olórin náà dáhùn pé òun kò ní in lọ́kàn láti polówó sìgá. Ní 2018, àjọ NBC, tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tún dá "Science Student" rẹ̀ dúró nítorí ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Àwọn kan ní ìkìlọ̀ ni orin náà, àwọn kan ní ìpolówó ni. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń mu nǹkan tí kò dáa kò ní ráyè wádìí èwo ni.

Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ráàpù. Fújì ní tirẹ̀, ọdún Òkè-Bàdàn náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Òkè-Bàdàn ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́dún. Fóònù ọmọdé kò ní ọjọ́. Ọmọ ọdún méje ń gbọ́ ọ, ó ń pè é tẹ̀lé e. Ọmọ tó ń yin owó tí kò mọ orísun rẹ̀, tó sì ń pe obìnrin ní orúkọ ajá, kò lè ní kí ìyá òun máa jó sí i.

Àgbà tó da gbogbo orin náà nù kò ṣe dáadáa. Ọmọ tó ní kí wọ́n má bá òun wí rárá kò ṣe dáadáa. Àgbado tí a kò bá fẹ́, òkúta ló máa bá a dé inú ẹ̀kọ. A kì í sì í torí òkúta da àgbàdo nù.

ÌYÁ ÀGBÀ DÁ SÍ I

Ìyá àgbà ló parí ìjà ilé ọlọ́jà àǹkárá yẹn. Orí ẹní ló wà tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀:

"Ṣé o ti gbàgbé 1988? Ṣé kì í ṣe ojú fèrèsé lo gbà jáde lọ wòran Wàsíù lóru? Kí ni mo pè ọ́ nígbà tó o wọlé? Ọmọ ìta! Mo tún fi ìgbálẹ̀ nà ọ́. Nígbà tó o wá pé àádọ́ta ọdún, orin wo lo pè wá sóde, tó o ń ná owó bí ẹni ya wèrè? Ìyá tèmi náà sọ ọ́ sí mi torí Àyìnlá Ọmọwúrà. Ó ní àpàlà ọ̀mùgbó ni. Ìwọ náà tún ń sọ ọ́."

Ilé pa lọ́lọ́. Ìyá wo ọmọ rẹ̀. "Ó dáa. Kọ ọ́ kí n gbọ́. Má fi ìlù sí i, má sáré."

Ọmọ náà kọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń gbé ìdì àǹkárá láti Òkè-Àrín dé Balógun, tí èjìká rẹ̀ fi bó, kí ọmọ lè rí owó iléèwé san. Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. Ni ọmọ bá tún dé ibi tó ti ń bú ọmọbìnrin kan tó já a sílẹ̀.

"Dúró níbẹ̀," ni ìyá wí. "Ọmọbìnrin tó ò ń bú yẹn, ṣé òun ò ní ìyá tó ń gbé ẹrù ni?"

Ọmọ kò rí èsì fọ̀. Ó yọ ọ́ kúrò. Wọ́n wá jọ ṣàdéhùn pé yóò parí iṣẹ́ télọ̀, yóò gba fíríìdọ̀mù, yóò sì máa fi owó aṣọ tó bá rán ní ọjọ́ ìsinmi san owó máṣínnì padà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ṣe èyí, kó máa kọrin rẹ̀.

Ìyá náà ní òun kò tíì fẹ́ràn hip-hop o. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, nígbà tí àwọn ọlọ́jà bàtà tún gbé gbohùngbohùn síta, tí wọ́n ń wojú rẹ̀ bí ẹni tó ń retí èébú, ohun tó wí kò ju báyìí lọ: "Ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ má pa á."

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń pè lọ́mọ ìta, kí lẹ rí sí i? Ojú ewé lẹ́tà ń retí yín.