Ẹ̀dà nìkan kò tó: ẹ gbé àkójọ yín síbòmíràn

Àbúrò mi kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń ra irè oko ní Ẹgbẹ́dá pè mí. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ti pòórá níbi tí wọ́n ti ń wá a. "Ẹ̀gbọ́n, a ní ẹ̀dà o!"

Òótọ́ ni. Elasticsearch máa ń pín àkójọ sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀, á sì fi ẹ̀dà ìpín kọ̀ọ̀kan sórí òmíràn. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, iṣẹ́ ń lọ. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa àkójọ rẹ́, gbogbo ẹ̀dà ló bá a lọ. Àká méjì nínú oko kan ni: iná kan lè jó méjèèjì.

Snapshot ló ń gbani. Ẹ̀ ń gbé àkójọ, bó ṣe wà lásìkò kan, pamọ́ síbòmíràn. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ohun tó bá yí padà nìkan ló ń kó. Ẹ má kàn da fódà kọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ó lè má ṣeé gbà padà.

IITA lọ́nà Mọ́níyà mọ ọgbọ́n yìí. Irúgbìn ẹ̀wà wọn ju oríṣi 15,000 lọ, wọ́n sì ti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Svalbard ní Norway, tí wọ́n ṣí ní 2008. Ní 2015, lẹ́yìn tí ogun Síríà lé ICARDA kúrò ní Aleppo, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba irúgbìn wọn padà.

Orí bá àbúrò mi ṣe é: ìwé àkọsílẹ̀ ṣì wà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé padà. Mo ní kó máa dán ìgbàpadà wò lóṣooṣù.