Ta ni adájọ́? Ìdáhùn Yorùbá nínú eré ìbéèrè orí kọ̀ǹpútà

Nínú eré ìbéèrè tí a ń fi pátákó àti káàdì ṣe, ẹni tó ka káàdì ni adájọ́. Òun ló ń wo ìdáhùn tó wà lẹ́yìn káàdì, tó ń gbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ, tó sì ń pinnu bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á. Bí eré náà bá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdáhùn tí a fi Yorùbá kọ nígbà náà, pàápàá Yorùbá ti ọ̀dọ̀ wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́. Irú ẹ̀rọ tí mo ń sọ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, lẹ́tà ló ń wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí àwa ará Benin ń gbà kọ lẹ́tà Yorùbá kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọtọ́ tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí, àyàfi níbi tí mo bá ti ń fi ti Benin hàn.

Eré tó gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí ni Trivial Pursuit. Àwọn akọ̀ròyìn méjì ará Kánádà, Chris Haney àti Scott Abbott, ló ronú rẹ̀ ní Montréal ní 1979, ó sì dé ọjà ní 1981. Ẹ̀ka ìbéèrè mẹ́fà ló ní, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀: búlúù fún jọ́gíráfì, àwọ̀ ìyeyè fún ìtàn, àwọ̀ ewé fún sáyẹ́ǹsì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ Domark ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e sórí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé ìgbà náà, bíi ZX Spectrum, Commodore 64 àti Amstrad CPC. Ẹ̀dà yẹn fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún ènìyàn. Ẹ̀rọ béèrè, ẹni tó ń ṣeré dáhùn lẹ́nu, ẹ̀rọ fi ìdáhùn tirẹ̀ hàn, ó wá bi í bóyá ó gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ lè purọ́.

Àwọn eré tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń gba ọ̀nà méjì mìíràn. Èkíní ni kí a fi ìdáhùn mẹ́rin síwájú ọmọ kí ó mú ọ̀kan. Ìyẹn kò ní wàhálà àkọtọ́, ṣùgbọ́n kò dán ìrántí wò dáadáa, nítorí ìdáhùn ti wà níwájú ẹni, ẹni tí kò mọ nǹkan kan sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Ọ̀nà kejì ni kí ọmọ tẹ ìdáhùn fúnra rẹ̀. Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Mo ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ kan sórí kọ̀ǹpútà ilé wa ní Àjàṣẹ́, ọgọ́ta ìbéèrè, mẹ́wàá fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta. Faransé ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, bàbá wọn sì jẹ́ ará Ṣábẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlànà tó le jù bẹ̀rẹ̀: kí ẹ̀rọ gba kìkì ohun tó bá bá àkójọ mi mu ní lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn ìdáhùn tí ó bá kọ̀ ni mo fẹ́ kó jọ, àwọn sì ni dátà tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé.

Ìbéèrè kan tó kọ́kọ́ wá ni: Ìlú wo ni olú-ìlú Benin? Mo ti fi Àjàṣẹ́ àti Porto-Novo sínú àkójọ. Ọmọ tó dàgbà jù tẹ Adjatchè. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ̀ gba pátákó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ Ajase. Ẹ̀rọ tún kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ Porto-Novo, ó gbà á lójú ẹsẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn yíjú sí mi: «Tántì, ṣé Àjàṣẹ́ kì í ṣe Porto-Novo mọ́ ni?» Láàárín ìṣẹ́jú méjì, eré tí mo ṣe ní Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ pé orúkọ tí àwọn òyìnbó fún ìlú rẹ̀ ni orúkọ tó tọ̀nà. (Orúkọ Potogí sì ni, kì í tilẹ̀ ṣe ti Faransé.)

Ẹ jẹ́ kí á wo Adjatchè yẹn dáadáa, nítorí ọmọ náà kò ṣì í kọ. Dj ni bí ilé-ìwé Faransé ṣe ń kọ ìró tí àwa ń fi j kọ. Tch ni ìró tí wọ́n ń pè ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàáṣà níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń pe ṣ. Ìdí nìyí tí a fi ń rí Tchabè àti Idatcha nínú ìwé Faransé, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè sì ń kọ Cabe àti Idaca nígbà tí wọ́n bá ń to àwọn ẹ̀ka èdè tí Capo kó jọ lábẹ́ orúkọ Ede. Èyí tó kù ni è tó gbẹ̀yìn. Nínú Yorùbá, àmì yẹn túmọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀ lórí fáwẹ̀lì e. Nínú Faransé, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ohùn. Fáwẹ̀lì ẹ ni ó dúró fún. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ka Pobè àti Savè. Lórí pátákó ìtẹ̀wé AZERTY tó wà nílé wa, é àti è ní bọ́tìnnì tiwọn, ẹ kò ní. Ọmọ náà lo ohun tó wà lábẹ́ ìka rẹ̀, ó sì kọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pe ìlú náà gẹ́lẹ́. Lójú tèmi, ó ṣe àpèjúwe ìró tirẹ̀ ju bí àkójọ mi ti ṣe lọ.

Ká ní ó ti kọ́ àkọtọ́ èdè abínibí ti Benin ni, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ó lè kọ Ajashɛ, nítorí níbẹ̀ ẹ di ɛ, ọ di ɔ, ṣ di sh, p sì di kp. Ìyẹn náà ìbá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ kan náà.

Ìṣòro tó wà lábẹ́ èyí kò hàn sí ojú. Lẹ́tà ẹ́ tí a rí bí ẹyọ kan kì í ṣe ẹyọ kan lójú kọ̀ǹpútà. Unicode, àtẹ nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń lò fún lẹ́tà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ (U+1EB9) àti òmíràn fún é (U+00E9), ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan fún ẹ́. Kíkó jọ ni a ń kó o jọ. Ẹnìkan lè tẹ ẹ, kí ó fi àmì ohùn òkè (U+0301) lé e lórí. Ẹlòmíràn lè tẹ é, kí ó fi àmì abẹ́ (U+0323) sí i. Ẹnìkẹta lè tẹ e lásán, kí ó fi àmì méjèèjì tẹ̀lé e. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú wa. Ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà yóò sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Àwọn tó ṣe Unicode ti pèsè ọ̀nà àbáyọ fún èyí, àwọn ìlànà ìmúbáramu tí wọ́n ń pè ní NFC àti NFD, tó ń sọ gbogbo ìkójọ bẹ́ẹ̀ di ìkójọ kan ṣoṣo. Ìlà kan péré ló ń gbà nínú ètò kọ̀ǹpútà, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni tó ń ṣètò fún Yorùbá kò fi ní kọ ìlà yẹn.

Ṣùgbọ́n NFC kò mọ̀ pé ẹ àti ɛ jẹ́ fáwẹ̀lì kan náà fún wa. Fún Unicode, ɛ (U+025B) jẹ́ lẹ́tà tó dá dúró. Bákan náà ni ε ti àwọn Gíríìkì (U+03B5), tí àwọn kan ń yá lò nígbà tí wọn kò bá rí ɛ. Àwa tí a mọ èdè náà la gbọ́dọ̀ kọ ìbáradọ́gba wọ̀nyí sínú ètò: ẹ pẹ̀lú ɛ, ọ pẹ̀lú ɔ, ṣ pẹ̀lú sh, c àti tch, p pẹ̀lú kp, j pẹ̀lú dj.

Àbá tí àwọn olùṣètò sábà máa ń kọ́kọ́ mú wá ni kí a kúkú bó gbogbo àmì kúrò, tòkè tìsàlẹ̀. Nígbà náà ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di oko, wọn yóò dà pọ̀ mọ́ oko tí àgbẹ̀ ń lọ, àti mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí a kì í pè níwájú àgbà. Ó dẹ́rù bani lórí ìwé. Nínú eré, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti dáàbò bo ìdáhùn. Bí mo bá béèrè pé kí ni àgbẹ̀ fi ń kọ ebè, tí ọmọ sì tẹ oko, kò sí ẹni tí yóò rò pé ọkọ ìyàwó ló ní lọ́kàn. Ibi tí bíbó àmì ti ń ba nǹkan jẹ́ ni ìbéèrè tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ ohùn gan-an ni a ń béèrè, irú bíi: èwo nínú ọkọ́ àti ọkọ̀ ni ó ń gbé èrò? Díẹ̀ ni irú ìbéèrè yẹn, mo sì fi àmì sí wọn kí ẹ̀rọ má bó ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a lo ìwọ̀n Levenshtein, tó ń ka iye àyípadà tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, kí a sì gba èyí tó bá sún mọ́ ọn. Ìwọ̀n yẹn wúlò fún Faransé. Fún wa, ìgbésẹ̀ kan péré ló wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, nígbà tí Àjàṣẹ́ àti Adjatchè jìnnà síra gan-an. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó jìnnà síra yìí ló jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun kejì tí ẹ̀rọ kọ̀ kì í ṣe ti lẹ́tà rárá. Mo béèrè pé: Ta ni ọba Dànhọ̀mẹ̀ tí àwọn Faransé kó lọ sí Martinique ní 1894? (Mo yọ ọ̀rọ̀ «akọni» kúrò nínú ìbéèrè náà, nítorí a ní ìbátan ní Kétu, ìlú tí ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ní 1886, wọn kò sì ní bá mi dá sí i.) Àwọn ọmọ tẹ: Béhanzin ni. Ẹ̀rọ ń retí Béhanzin. Nínú eré tí wọ́n ń ṣe ní Faransé, orúkọ lásán ni wọ́n máa ń tẹ. Ní Yorùbá, ni ń tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ wà nínú gírámà. Ta ni, kí ni, ibo ni: gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni ìbéèrè wọ̀nyí, ìdáhùn sì ń pa ẹ̀yà yẹn mọ́. Ẹni tó bá dá orúkọ nìkan sọ dà bí ẹni tó ń pe olórúkọ náà kí ó wá. Bí ìbéèrè bá jẹ mọ́ ibi tàbí ìgbà, ní á wà níwájú, ni á wà lẹ́yìn: Ní Àjàṣẹ́ ni. Ní 1975 ni. Ó rọrùn láti ní kí ẹ̀rọ yọ wọ́n sílẹ̀ kí ó tó wé ìdáhùn, kìkì bí wọ́n bá dá dúró bí ọ̀rọ̀. Àwọn eré tí wọ́n túmọ̀ láti Faransé kì í ṣe é, nítorí ìdáhùn Faransé kò béèrè fún un.

Ti nọ́ńbà kò pọ̀. Ọmọ tó kọ ọgọ́rin àti èyí tó kọ quatre-vingts, ogún mẹ́rin ni àwọn méjèèjì kà. Ẹ̀rọ ń fẹ́ 80.

Gbogbo èyí ò tíì kan Hogbonu, orúkọ tí àwọn Gùn ń pe Àjàṣẹ́. Kò sí ìbáradọ́gba lẹ́tà kankan tí yóò sọ Àjàṣẹ́ di Hogbonu. Ènìyàn tó mọ ìlú ló lè sọ pé ìlú kan náà ni. Ohun tí àwọn tó ń fi káàdì ṣeré ń ṣe láìronú nìyẹn, bí àwọn tó ń pa àlọ́ àpamọ̀ náà ṣe ń ṣe é: ìdáhùn kan wà tí apàlọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, àwọn tó jókòó á ní «Ẹ fún un, ó mọ̀ ọ́n», ọ̀rọ̀ á sì parí.

Nítorí náà mo yí ìdájọ́ padà. Ìdáhùn tó bá bá àkójọ mu lẹ́yìn gbogbo ìbáradọ́gba gba máàkì kíkún, ẹ̀rọ á sì fi bí a ṣe ń kọ ọ́ ní àkọtọ́ méjèèjì hàn lábẹ́ rẹ̀, láìyọ nǹkan kúrò nínú máàkì. Bí ọmọ bá fẹ́ kó wò ó, bí kò fẹ́ kó kọjá. Ìdáhùn tí ẹ̀rọ kò bá rí, kò tún ń kọ̀ ọ́ mọ́. Ó ń ṣe bí ti 1986, ó ń bi àwọn tó jókòó: Ṣé ẹ gbà á? Àwọn ọmọ máa ń ṣojúsàájú fún ara wọn, nítorí náà èmi tàbí ìyá wọn ló ń yẹ ohun tí wọ́n gbà wò lálẹ́, kí ó tó wọ àkójọ. Ìbéèrè olú-ìlú ti ní ìdáhùn mẹ́jọ báyìí. Èyí tó wọlé kẹ́yìn ni Xɔgbonu, ọmọ aládùúgbò wa tó ń sọ Gùn ló tẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á fún un kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ.