Òjò Kan, Òkun Méjì: Ohun Tí Odò Johannesburg Ń Gbé Lọ sí Ẹnu Òkun

Púpọ̀ nínú àwọn ìlú ńláńlá ayé, ẹ̀bá omi ni wọ́n wà. Èkó wà létí ọ̀sà, London wà létí odò Thames, Cairo sì wà létí odò Náìlì. Johannesburg kò rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí ní ọdún 1886, kì í ṣe nítorí omi, bí kò ṣe nítorí wúrà tí wọ́n rí ní Langlaagte. Kò sí odò tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà nínú rẹ̀, òkun sì jìnnà sí i púpọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí odò ilẹ̀ olóoru ń gbé lọ sínú òkun, àti bí ẹrù náà ṣe ń yí padà láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ṣìnà bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè yìí.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òkè gbọọrọ tí ìlú náà jókòó lé lórí, tí àwọn Òyìnbó Boer sọ ní Witwatersrand, èyíinì ni òkè omi funfun, ni ó pín omi agbègbè náà sí ọ̀nà méjì. Òjò tí ó bá rọ̀ sí ìhà àríwá òkè náà a ṣàn wọ odò Jukskei, tí ó la Alexandra kọjá; láti ibẹ̀ a bọ́ sínú odò Crocodile, a di Limpopo, a sì já sínú Òkun Íńdíà nítòsí ìlú Xai-Xai ní ilẹ̀ Mòsáńbíìkì. Èyí tí ó bá rọ̀ sí ìhà gúúsù a wọ odò Klip, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Soweto lọ sí Vereeniging, a bọ́ sínú odò Vaal, a bá odò Orange lọ, a sì já sínú Òkun Àtìláńtíìkì. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí omi òrùlé ọ̀kan máa lọ sí ìlà-oòrùn, kí ti èkejì máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Nítòsí Vereeniging yìí kan náà ni Sharpeville wà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti yìnbọn pa ènìyàn 69 ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1960. Ó ṣòro láti dárúkọ odò ibẹ̀ kí á má rántí ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀.

Kí ni omi náà ń gbé? Gbogbo ènìyàn mọ iyanrìn, ẹrẹ̀ àti pàǹtírí, nítorí pé ojú rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹrù mìíràn wà tí ó fara pamọ́. Bí ewé bá wọ́wé, bí koríko bá rà, bí gbòǹgbò bá jẹrà nínú ilẹ̀, òjò a rẹ gbogbo wọn bí ìgbà tí ènìyàn rẹ egbòogi sínú ìkòkò àgbo. Omi tí ó bá jáde lára wọn a pọ́n bí omi tíì, a sì máa ṣàn lọ sínú odò. Bí a bá fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré jọjọ sẹ́ omi yìí, irú asẹ́ tí a ó to ihò rẹ̀ tí ó ju 2,000 lọ kí ó tó gùn tó mìlímítà kan, ẹrẹ̀ yóò dúró lókè, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa náà yóò kọjá. Ohun tí ó kọjá yẹn, tí ó ti ara ohun abẹ̀mí wá tí ó sì ti yọ́ pátápátá mọ́ omi, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré rẹ̀. Bí a bá wọn kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn odò ayé ń kó nǹkan bí 250 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù irú rẹ̀ lọ sínú òkun lọ́dọọdún. Àwọn odò ilẹ̀ olóoru ni ó ń gbé èyí tí ó ju ìdajì lọ, odò Amazon nìkan sì ń gbé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá. Odò Kóńgò, tí kò sí èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ tó tirẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, ń fa tirẹ̀ láti inú igbó ẹrẹ̀ ńlá kan. Ọdún 2017 ni wọ́n tó ya àwòrán ilẹ̀ ẹrẹ̀ náà tán, tí wọ́n sì ṣírò pé kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó 30 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé wa láti ayébáyé nìyẹn, tí kò tètè wọ ìwé.

Ìgbà ọdún ni ó ń pàṣẹ fún ẹrù yìí. Ní Johannesburg, oṣù Kẹwàá ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń rọ̀ títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá ni ó máa ń gbá ilẹ̀: gbogbo ewé gbígbẹ, eérú igbó tí ó jó àti ìdọ̀tí títì tí ó ti kó jọ fún oṣù púpọ̀, ó rẹ wọ́n, ó sì kó oje wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Odò Jukskei a sì kún lójijì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àkúnya rẹ̀ gbé àwọn olùjọsìn tí ó wá ṣe ìsìn létí odò náà lọ, èyí tí ó sì kú nínú wọn ju mẹ́wàá lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹjọ, ó yẹ kí odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kò gbẹ. Púpọ̀ nínú omi tí ó ń ṣàn nínú rẹ̀ nígbà náà ni omi ìdọ̀tí tí ó ti ilé àwọn ènìyàn jáde, tí wọ́n tọ́jú kí wọ́n tó dà á sódò. Níbo ni omi ilé wọn ti wá? Láti ìsédò Vaal tí wọ́n parí ní ọdún 1938 ni, àti, láti ọdún 1998, láti orí àwọn òkè Lèsótò. Nípa bẹ́ẹ̀, omi tí Ọlọ́run dá kí ó lọ sí Àtìláńtíìkì ni wọ́n ń fà gun òkè, tí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ń lò, tí ó sì ń gba ìhà kejì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkun Íńdíà. Oje tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe oje ewé mọ́. Oje ewé máa ń le, kòkòrò àìfojúrí kì í tètè jẹ ẹ́ tán. Èyí tí ó ti ara ènìyàn àti oúnjẹ wá ni wọ́n máa ń sáré jẹ, bí wọ́n bá sì ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Ìsédò Hartbeespoort, tí wọ́n parí ní ọdún 1923, ni ó kọ́kọ́ ń gba ẹrù náà. Ojú rẹ̀ tí ó máa ń tutù bí ewé ẹ̀fọ́ ń fi hàn bí ẹrù ọ̀hún ti wúwo tó.

Kì í ṣe pé ewé tí ó bọ́ ní Alexandra ni yóò dé Xai-Xai bí ó ṣe wà. Oòrùn ń ṣá a, kòkòrò ń jẹ ẹ́, odò mìíràn sì ń bù lé e lọ́nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín odò Limpopo máa ń di iyanrìn lásán ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ìgbà òjò bá dé, ohun gbogbo a yí padà. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, àkúnya Limpopo bo Xai-Xai mọ́lẹ̀, nǹkan bí 700 ènìyàn sì kú ní Mòsáńbíìkì nínú ìkún omi ọdún náà.

Ní ẹnu odò, iyọ̀ ni ó ń gbẹ́jọ́. Àwọn ìyá wa tí ń fi álọ́ọ̀mù sínú omi dúrọ́ọ̀mù mọ bí ìdọ̀tí ṣe máa ń kó jọ tí í sì í rì sísàlẹ̀. Ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ òkun ń ṣe: díẹ̀ nínú oje ewé náà, pàápàá èyí tí ó so mọ́ irin, a dì pọ̀, a sì rì. Èyí tí ó pọ̀ jù a bá òkun lọ. Nígbà òjò, omi pupa náà a na ara rẹ̀ jáde sórí òkun, a dí ìmọ́lẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n a gbé oúnjẹ wá fún àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí edé àti ẹja ń jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a wọlé sínú odò, omi a mọ́, oòrùn a wọlé, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ inú omi a sì máa ṣe oje tiwọn níbẹ̀. Ẹja tí ń pamọ ní ẹnu odò ti mọ ìgbà méjèèjì yìí ju bí a ti mọ kàlẹ́ńdà lọ.

Ọ̀rọ̀ odò Orange ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bà wá. Àwọn Khoi pè é ní Gariep kí Òyìnbó tó fi orúkọ ìdílé ọba Hólàǹdì rọ́pò rẹ̀. Wọ́n parí ìsédò ńlá kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1971, wọ́n fi orúkọ Verwoerd, ọ̀gá àwọn amúnisìn, pè é. Gariep ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìsédò kejì, Vanderkloof, parí ní ọdún 1977. Láti ìgbà náà, ìkún omi dínkù, omi tí ó yẹ kí ó fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sì fà mọ́, nítorí pé wọ́n ń tú u sílẹ̀ láti fi pèsè iná. Ọdún kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méjì mọ́ ní ẹnu odò náà. Ní ọdún 1991 ni wọ́n kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ àbàtà tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1995, koríko inú ẹrẹ̀ oníyọ̀ rẹ̀ ti kú púpọ̀ débi pé wọ́n tún kọ ọ́ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó wà ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, ọ̀sà yín náà ń sọ ìtàn yìí. Ní oṣù Kẹfà, odò Ògùn a ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà ọyẹ́, òkun a padà wọlé. Koríko omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó gba ìhà Pọ́tónóvò wọ Badagry ní ọdún 1984 ń gbilẹ̀ nígbà òjò, iyọ̀ a pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkú rẹ̀ a sì rà di oje mìíràn nínú omi. Kí ọmọ ilé-ìwé bu ìgò kan ní oṣù Kẹfà àti ìgò kan ní oṣù Kìíní, ní ibi kan náà, kí ó sẹ́ wọn, kí ó gbé wọn sí iwájú ìwé funfun, kí ó sì kọ ọjọ́ àti bí òjò ti rọ̀ sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan.