Ohun Tó Ń Mú Dátábéèsì Orí Kọ̀ǹpútà Wú, Tó sì Ń Da Ìṣirò Rẹ̀ Rú

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìwòsàn kéékèèké àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ní ìpínlẹ̀ wa ni kò gbára lé ìwé lẹ́jà nìkan mọ́. Inú kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì akọ̀wé ni wọ́n ń tọ́jú orúkọ àti owó àwọn ènìyàn sí, nínú ohun tí a ń pè ní dátábéèsì, èyí tí í ṣe fáìlì tí a to ìsọfúnni sínú rẹ̀ létòlétò kí a lè tètè rí i nígbà tí a bá ń wá a. Àwọn kan ń lo Microsoft Access, tó ti wà láti ọdún 1992; àwọn mìíràn ń fi Excel ṣe iṣẹ́ kan náà. Fún ọdún díẹ̀, ohun gbogbo a máa lọ geerege. Nígbà tó bá yá, fáìlì náà a bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, àròpọ̀ owó inú rẹ̀ kò ní bá ti ilé ìfowópamọ́ mu mọ́, orúkọ ẹnì kan a yọ lẹ́ẹ̀mejì, títí di ọjọ́ tí fáìlì kò ní ṣí rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ń dá owó láti ọdún mẹ́wàá, tó wá béèrè ẹ̀yáwó láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ni ìyà rẹ̀ máa ń jẹ jù nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé àwọn kò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kọ̀ǹpútà ti gbó. Wọ́n a ra òmíràn, wọ́n a kó fáìlì náà sínú rẹ̀, àìsàn náà a sì bá wọn dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn báyìí, inú ọ̀nà tí a gbà to fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àléébù wà, a sì lè tún un ṣe láìná kọ́bọ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ̀dà ni àkọ́kọ́. Kí gbogbo ẹni tó ń lo fáìlì náà pa á dé. Nígbà tí fáìlì Access bá wà ní ṣíṣí, fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .laccdb a máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣì rí i níbẹ̀, ẹnìkan ṣì wà nínú dátábéèsì náà, tàbí kí iná ti lọ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ tí kọ̀ǹpútà kò sì ráyè pa fáìlì dé bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn èyí, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì, kí a kọ déètì mọ́ orúkọ rẹ̀, kí a sì ṣí ẹ̀dà náà wò. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni.

Ní ti títóbi, fáìlì Access kan ṣoṣo kò lè ju gígábáìtì 2 lọ. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò ní gba àfikún mọ́, bí ó ti wù kí àyè tó ṣẹ́ kù lórí kọ̀ǹpútà pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tuntun kò fi ran irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé bí a bá pa ẹgbẹ̀rún ìlà rẹ́ nínú rẹ̀, fáìlì náà kì í fúyẹ́. Àyè tí àwọn ìlà náà ti wà ṣì wà nínú fáìlì, bí ìsọ̀ tí oníṣòwò ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé tó ń kó àkọsílẹ̀ ilé ìfowópamọ́ wọlé lóṣooṣù, tó ń fi ṣe ìṣirò, tó sì ń pa á rẹ́ lẹ́yìn náà, lè rò pé òun ń tún ilé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni fáìlì rẹ̀ ń wú.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú Access fúnra rẹ̀. Lábẹ́ “Database Tools”, ẹ ó rí “Compact and Repair Database”. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń kọ fáìlì tuntun, ó sì ń kó kìkì ohun tó ṣì wúlò sínú rẹ̀. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ rí àyè tó pọ̀ tó lórí kọ̀ǹpútà láti gba ẹ̀dà kejì, kò sì gbọdọ̀ sí ẹlòmíràn nínú fáìlì ní àkókò náà. Fún ẹgbẹ́ tó ń kọ nǹkan sínú fáìlì lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò pọ̀ jù. Ètò kan wà tí a lè fi sọ fún Access pé kó máa ṣe é fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá pa fáìlì dé. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ fún fáìlì tí ènìyàn púpọ̀ jọ ń lò, pàápàá níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà. Bí àtẹ kan tó ń jẹ́ MSysCompactError bá sì yọ lẹ́yìn àtúnṣe náà, ó túmọ̀ sí pé àwọn ìlà kan wà tí kò ṣeé gbà padà. Kí akápò kó ìwé rìsíìtì jáde, kó sì fi wé ohun tó kù.

Bí a bá ti ṣe èyí tí fáìlì ṣì tóbi, kí a wo ọ̀ràn fọ́tò. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí a fi fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì 2. Gígábáìtì 2 kò ju mẹ́gábáìtì 2,048 lọ, nítorí náà nǹkan bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò ti tó láti kún fáìlì náà dẹ́nu, kí a tó kọ iye owó kankan. Fọ́tò yẹ kó wà nínú fódà tirẹ̀, kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí a sì kọ ibi tó wà nìkan sínú dátábéèsì. Bákan náà ni fún àwọn ìwé tí a fi skáánà yà.

Àléébù tó burú jù, lójú tiwa, kì í fara hàn lára títóbi fáìlì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ kan tó ń dá owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé wọn to kọ̀ǹpútà bí ó ti ń to lẹ́jà: orúkọ ní òpó àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kìíní ní òpó kejì, ọ̀sẹ̀ kejì ní òpó kẹta, títí lọ. Lórí ìwé, èyí dára, nítorí ojú ènìyàn lè sáré láti òpó kan dé èkejì. Nínú Access, òpó inú àtẹ kan kò gbọdọ̀ ju 255 lọ. Ọ̀sẹ̀ 52 fún ọdún mẹ́rin jẹ́ 208. Ti ọdún karùn-ún yóò sọ ọ́ di 260. Nítorí náà, ẹgbẹ́ yìí kò ní parí ọdún karùn-ún kí fáìlì tó kọ̀ fún wọn. Akọ̀wé yóò wá ṣí àtẹ kejì, yóò tún orúkọ gbogbo ènìyàn kọ síbẹ̀, yóò sì ṣi àwọn kan kọ. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹni tó lè sọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti dá jọ láìlo bírò àti ìwé. Bí ẹnìkan bá sì san owó lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àyè tí a óò kọ èkejì sí.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a pín in sí àtẹ méjì. Àtẹ kìíní jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìlà kan fún ènìyàn kan: nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ, fóònù, adírẹ́sì. Àtẹ kejì jẹ́ ti owó, ìlà kan fún owó kan: nọ́ńbà ẹni tó san án, déètì, iye owó, àti ohun tó san án fún. Nọ́ńbà yìí ló so méjèèjì pọ̀. Bí adírẹ́sì bá yí padà, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti tún un kọ. Bí a bá sì fi àmì sí “Enforce Referential Integrity” nígbà tí a ń so àwọn àtẹ náà pọ̀, Access kò ní gbà kí a kọ owó sí orí nọ́ńbà tí kò sí. Edgar F. Codd, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú IBM, ló gbé ìpìlẹ̀ ìlànà yìí kalẹ̀ nínú ìwé kan tó kọ jáde ní ọdún 1970, orí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì ń dúró sí títí di òní.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìlà dẹ́rù bà yín. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá yóò ní ìlà 520,000. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 50, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábáìtì 26. Fọ́tò mẹ́tàlá péré ti gba àyè tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ nọ́ńbà dípò orúkọ? Orúkọ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Akọ̀wé kan kọ Ṣadé, èkejì kọ Shade, ẹ̀kẹta kọ Sade, ó sì di ènìyàn mẹ́ta. Èyí tó tún farasin jùyẹn lọ ni ti àmì. Lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pa pọ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní àmì ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti tọ́jú lẹ́tà. Àmì méjì tàbí mẹ́ta ni a ń tò pọ̀ láti fi kọ ọ́, kíbọọ̀dù kan sì lè tò ó yàtọ̀ sí òmíràn. Lójú wa, orúkọ méjèèjì rí bákan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n lè jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A kò sọ pé kí ẹ yọ àmì kúrò lórí orúkọ àwọn ènìyàn o. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ni ín ti ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ ohun tí ẹ fi ń dá a mọ̀.

Irú òpó tí a yàn náà ṣe pàtàkì. Bí a bá kọ nọ́ńbà fóònù sínú òpó tí a pè ní “Number”, òdo iwájú rẹ̀ yóò pòórá. Bẹ́ẹ̀ ni ti nọ́ńbà àkáǹtì tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀. NIN, tó jẹ́ díjíìtì 11, kò tilẹ̀ lè wọ inú òpó “Long Integer”, èyí tí kò gba ju 2,147,483,647 lọ. Ohun tí a kò ní fi ṣe ìṣirò, kí a kọ ọ́ sí “Short Text”. Owó yẹ kó wà nínú òpó “Currency”, nítorí pé “Double” a máa ṣe ìṣirò kọ́bọ̀ ní ìfojúbù, ìyàtọ̀ kékeré náà a sì máa jọ.

Níbi tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń lo fáìlì kan, kí a pín in sí méjì: àwọn àtẹ nínú fáìlì kan, fọ́ọ̀mù àti ìròyìn nínú èkejì, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀dà èkejì yìí tirẹ̀. Bọ́tìnnì “Access Database” lábẹ́ “Database Tools” ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Wáyà ló dára jù láti fi so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Wi-Fi tó ń já lè ba fáìlì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí a má sì fi fáìlì tí à ń lò lọ́wọ́ sínú fódà OneDrive tàbí Dropbox, nítorí ẹ̀dà ẹnìkan lè bo ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Fún àwọn tó ń lo Excel, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní England ní ọdún 2020 yẹ ní mímọ̀. Fáìlì irú ti àtijọ́, tó parí sí .xls, kò gbà ju ìlà 65,536 lọ. Àjọ ìlera ibẹ̀, Public Health England, kó èsì àyẹ̀wò àrùn COVID-19 sínú irú fáìlì yìí, àwọn ìlà tó kù sì já sílẹ̀. Èsì ènìyàn 15,841 tó ní àrùn náà, láàárín ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá, ni kò wọ inú ìròyìn ojoojúmọ́, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti fara kan wọn. Fáìlì .xlsx ti òde òní gba ìlà 1,048,576. Ẹni tó bá ṣì ní .xls nílé, kó tún un tọ́jú sí irú tuntun lónìí.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí fáìlì Access yín ṣì ń sún mọ́ gígábáìtì 2, àkókò ti tó láti kó àwọn àtẹ lọ sínú ètò tó lágbára jù. SQL Server Express jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀dà ti 2022 sì gba gígábáìtì 10 fún dátábéèsì kan. Fọ́ọ̀mù Access tí akọ̀wé ti mọ̀ ṣì lè máa bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yìí nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fi dán ọwọ́ wò pẹ̀lú fáìlì gidi.

Ní ti àwọn ẹ̀dà tí ẹ ti ṣe, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kan ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn ènìyàn. Ó ní kí ìsọfúnni náà jẹ́ òótọ́, kó wà lábẹ́ ààbò, kó má sì pẹ́ lọ́wọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ. Fíláàṣì tó ní NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kò yẹ kó máa yí kiri nínú dúrọ́ọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sí ibòmíràn yàtọ̀ sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.