Oògùn Ara Ríro: Ẹ Mọ Ìwọ̀n Rẹ̀ Kó Tó Di Àìsàn Mìíràn

Ilé tí a kò ti ní bá hóró oògùn ara ríro ṣọ̀wọ́n lóde òní. Ó wà nínú báàgì ìyá tó ń tajà ní Sabon Gari ní Kano. Ó wà nínú mọ́tò àwọn awakọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Cotonou àti Accra. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá àgbà tí làkúrègbé ń bá jà. Bí ẹ̀yìn bá ń ro wá, bí ehín bá ń dùn wá, bí nǹkan oṣù bá ń fa inú rírun, hóró kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré wá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ni pé ọ̀nà tó ń gbà mú ìrora lọ gan-an ló lè gbà ba inú àti kíndìnrín jẹ́, bí a kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Oògùn wo là ń sọ?

Kì í ṣe gbogbo oògùn ìrora ló wà nínú ẹbí yìí. Paracetamol máa ń mú ibà àti ìrora rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lára wọn. Àwọn tí à ń sọ ni àwọn tó tún máa ń mú kí ibi tó wú, tó pọ́n, tó sì gbóná fàrọ̀. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, naproxen àti aspirin wà lára wọn.

Orúkọ ara páálí ló sábà máa ń tan wá jẹ. Piroxicam ló wà nínú Feldene. Diclofenac ló wà nínú Voltaren àti Cataflam. Ibuprofen ló wà nínú Brufen. Nítorí náà, ẹni tó lo Cataflam láàárọ̀, tó tún lo Feldene lọ́sàn-án, rò pé oògùn méjì tó yàtọ̀ síra lòun lò, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò ní mú kí ìrora tètè lọ ju bó ṣe yẹ lọ, ewu rẹ̀ nìkan ló máa pọ̀ sí i. Ẹ máa wo lẹ́tà kéékèèké tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá. Ibẹ̀ ni orúkọ oògùn náà gan-an wà.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí a bá fara pa tàbí tí oríkèé wa bá ń wú, ara wa máa ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Òun ló ń mú kí ibẹ̀ gbóná, kó wú, kó sì máa ro wá. Ní ọdún 1971, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Vane, fi hàn pé ńṣe ni aspirin àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe èròjà yìí. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1982 nítorí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n èròjà yìí ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe. Nínú ikùn, ó ń dáàbò bo ara ikùn kí omi kíkan tó ń da oúnjẹ má bàa jẹ ẹ́. Nínú kíndìnrín, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọlé dáadáa, pàápàá nígbà tí omi kò bá tó lára tàbí tí ọjọ́ orí bá ti lọ. Oògùn tí a gbé mì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúnkún àti ikùn. Ibi gbogbo tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé ló ti máa ń dí èròjà náà lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ diclofenac fi lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ẹnu wọlé. Ìdí nìyí náà tí jíjẹun kí a tó lò ó fi dára, àmọ́ tí kò fi lè dí gbogbo ewu náà.

Ìwọ̀n àti iye ọjọ́

Fún àgbàlagbà tó ń ra ibuprofen fúnra rẹ̀, mílígíráàmù 200 tàbí 400 ni kó lò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tó pọ̀. Kó fi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ sáàárín kó tó tún lò ó. Gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí 24 kò gbọ́dọ̀ ju 1,200 lọ, ìyẹn hóró mẹ́ta tó jẹ́ 400, tàbí mẹ́fà tó jẹ́ 200. Bí hóró kan bá ti tó, ẹ má lo méjì. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ 3, tàbí tí ìrora kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ 10, ilé ìwòsàn ló kàn. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn ni oògùn náà ń bò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò lè wò ó sàn.

Dókítà ló yẹ kó pinnu diclofenac àti piroxicam. Piroxicam máa ń pẹ́ lára gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóòjọ́. Ẹni tó bá ń lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ ń kó o jọ sára ni. Ní ti àwọn ọmọdé, bí ara wọn ṣe wúwo tó ni a fi ń mọ ìwọ̀n tiwọn. Ẹ má ṣe gé ti àgbàlagbà fún wọn. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní aspirin àfi bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Oògùn inú ọ̀rá àti páráágà

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì pé, "Ẹ bá mi po oògùn ara ríro." Olùtajà á ṣa hóró márùn-ún tàbí mẹ́fà aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú ọ̀rá kékeré. Méjì nínú wọn lè wá láti inú ẹbí tí à ń sọ yìí. Nígbà míì, prednisolone tàbí dexamethasone á tún wà níbẹ̀, èyí tó máa ń mú ara yá gágá, tó sì máa ń mú ni jẹun dáadáa. Bí èyí bá pàdé diclofenac tàbí ibuprofen nínú ikùn, ewu kí ọgbẹ́ inú máa ṣẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an. Ẹ béèrè orúkọ hóró kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá ní orúkọ, ẹ má gbé e mì.

Ẹni tó ń fi ọtí tàbí páráágà ti oògùn yìí lẹ́yìn ń fi iná sí orí òrùlé, torí ọtí náà máa ń bó ara ikùn. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àwọn kápúsù tí wọ́n ń pè ní ewé àti egbò fún làkúrègbé. Àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn ti rí diclofenac àti dexamethasone nínú irú wọn, tí wọn kò sì kọ ọ́ sára ike rẹ̀.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó lò ó

• Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tó ti ní i rí.
• Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ga sí i. Bí ẹni náà bá ń lo lisinopril, ramipril tàbí losartan pẹ̀lú oògùn tó ń mú ni tọ̀, ẹrù máa pọ̀ jù fún kíndìnrín.
• Ẹni tí àìsàn kíndìnrín, ọkàn tàbí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, àti ẹni tó ti lé ní ọdún 65.
• Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.
• Ẹni tó ní asthma, torí ó lè mú kí èémí rẹ̀ há.
• Aláboyún, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 sókè. Ó lè ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́, ó sì lè dín omi tó yí ọmọ ká kù.
• Ẹni tó jẹ́ SS. Àìsàn náà fúnra rẹ̀ máa ń kan kíndìnrín, dókítà rẹ̀ ló yẹ kó yan oògùn ìrora fún un.
• Ẹni tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí tí oòrùn pa láìmu omi. Ẹ̀yin tó ń gba ààwẹ̀ nígbà ooru ní ìhà àríwá, ẹ rántí èyí.

Àmì tí kì í dúró de ọ̀la

Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀ tàbí tó dà bí gàárì kọfí, ojú tàbí ẹsẹ̀ tó ṣàdédé wú, ìtọ̀ tó dín kù gan-an, èémí tó há, àyà tó ń dunni: bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé inú kò run yín. Oògùn ìrora náà lè bo ìrora ọgbẹ́ inú mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi máa ṣẹ̀jẹ̀.

Ní ti kíndìnrín, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í sábà dun ni títí tó fi máa bàjẹ́ púpọ̀. Ìdílé tó bá ti mọ ohun tó ń ná èèyàn láti máa fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kí wá ni ká ṣe sí ìrora?

Bí orúnkún tàbí ọwọ́ ló ń ro yín, diclofenac tí à ń fi para kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó èyí tí à ń gbé mì, òun ló dáa kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Aṣọ tí a fi omi gbígbóná rẹ̀, ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ àti dídín ara sísanra kù máa ń ran oríkèé lọ́wọ́. Paracetamol náà wà, àmọ́ àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ ju hóró mẹ́jọ tó jẹ́ mílígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24.

Lálẹ́ òní, ẹ kó gbogbo oògùn ilé jọ sórí tábìlì. Ẹ ka orúkọ kéékèèké wọn, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọn yóò kú, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC bí ẹ bá wà ní Nàìjíríà. Ẹ ya àwọn tó jẹ́ ẹbí kan náà sọ́tọ̀, kí gbogbo ilé sì mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni a lè lò nínú wọn lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹnì kan nínú ilé ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fa ìrora náà.